Abọ́ Sípágẹ́tì àti Adìyẹ ní Dùálà

Láti ara edé ni orílẹ̀-èdè Kámẹ́rúùnù ti rí orúkọ. Nígbà tí àwọn atukọ̀ Potogí dé ẹnu odò Wouri ní nǹkan bí ọdún 1472, edé tí wọ́n bá nínú omi náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Odò Edé ní èdè tiwọn. Etí odò yìí ni ìlú Dùálà wà pẹ̀lú èbúté ńlá rẹ̀, ohun tí ọkọ̀ òkun bá sì já sí èbúté náà kì í pẹ́ dé inú ìkòkò àwọn olóúnjẹ.

Oúnjẹ mẹ̀kúnnù ni sípágẹ́tì ní Dùálà. Àwọn kan a máa dín in pọ̀ mọ́ ẹyin. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a, a ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ tòmátì àti adìyẹ lé e. Yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì létí títì, yóò jẹun, yóò nu ẹnu, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe sípágẹ́tì, ojú òkun ni púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ń gbà wọlé, kò sì sí ẹni tí ó torí rẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Adìyẹ ni ó dá ìjà sílẹ̀.

Ní ọdún 1996, adìyẹ inú yìnyín tí ó wọ Kámẹ́rúùnù láti òkè òkun kò ju 978 tọ́ọ̀nù lọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 2003, ó ti di 22,154. Igẹ̀ adìyẹ ni àwọn ará Yúróòpù fẹ́ràn jù. Itan àti apá tí ó ṣẹ́kù ni àwọn oníṣòwò ń dì ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Áfíríkà ní owó pọ́ọ́kú. Inú olóúnjẹ dùn, inú ẹni tí ń jẹun dùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olósìn adìyẹ ti ilẹ̀kùn ọgbà wọn pa.

Ẹgbẹ́ ACDIC, tí Bernard Njonga jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, ni ó gbé ọ̀ràn náà dé gbangba ní ọdún 2004. Wọ́n kó ẹran adìyẹ 200 láti ọjà lọ sí ilé ìwádìí Pasteur ní Yaoundé, ìdá 83.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò yẹ ní jíjẹ. Ẹ̀bi náà kò jẹ́ ti ẹni tí ó fi ẹran ránṣẹ́ nìkan. Yìnyín kì í bá oòrùn Dùálà ṣọ̀rẹ́: ẹran tí ó yọ́, tí wọ́n tún dì, tí ó tún yọ́ lórí tábìlì ọjà, ibo ni yóò ti rí ìlera? Adìyẹ ikú ni ẹgbẹ́ náà pè é. Ìjọba kọ́kọ́ dín in kù. Ní ọdún 2006, wọ́n fòfin dè é pátápátá. Nàìjíríà ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣáájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà Kútọnu kò gbẹ.

Òfin náà tọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò wọ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Dùálà àti ní àwọn ìlú mìíràn ní oṣù kejì ọdún 2008, ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé ènìyàn 40 ni ó kú. Wọ́n mú owó ibodè kúrò lórí ìrẹsì, ìyẹ̀fun àti ẹja, ṣùgbọ́n wọn kò ṣí ilẹ̀kùn fún adìyẹ inú yìnyín. Ní ọdún 2016, àrùn H5N1 pa adìyẹ púpọ̀ ní Yaoundé, wọ́n sì ti àwọn ọjà adìyẹ kan pa. Olóúnjẹ tí adìyẹ bá wọ́n fún kò ní ju ọ̀nà méjì lọ: kí ó fi owó lé abọ́ kan, tàbí kí ó gé ẹran náà kéré sí i.