Bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ sókè òkun: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀

Ẹni tó bá dúró ní Boundary, ní Malu Road, á rí bí tírélà ṣe ń kó ẹrù jáde láti èbúté Apapa. Ẹrù la mọ̀ mọ́ ọkọ̀ òkun. Ṣùgbọ́n nígbà kan, ẹlẹ́wọ̀n ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì kó lára wọn wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín.

Irú ìjìyà wo nìyẹn?

Òfin ọdún 1718 fàyè gba adájọ́ láti rán ẹni tó jalè lọ sí Amẹ́ríkà fún ọdún 7. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lè di ọdún 14. Ẹni tó bá yọ́ padà wálé kí ọjọ́ tó pé, wọ́n lè yẹgi fún un. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ìgárá ọlọ́ṣà o. Ẹlòmíràn ò jí ju aṣọ lọ. Àwọn tó lọ Amẹ́ríkà tó bíi 50,000. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1775, ilẹ̀kùn tì. Láti 1776, inú ọkọ̀ ògbólógbòó lórí odò Thames ni wọ́n ń há wọn mọ́.

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ńkọ́?

Ní 1782, wọ́n sọ àwọn kan di sọ́jà, wọ́n kó wọn wá sí Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, láti bá àwọn Dutch jà. Láti irú ilé olódi bíi Cape Coast yìí náà ni wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn dúdú lẹ́rú. Àìsàn pa ọ̀pọ̀ sọ́jà yìí, àwọn mìíràn sá lọ bá ọ̀tá. Ọ̀gá wọn, Kenneth Mackenzie, so ọ̀kan mọ́ ẹnu ìbọn àgbá, ó sì ní kí wọ́n yìn ín. Ilé ẹjọ́ London dá a lẹ́bi ìpànìyàn ní 1784, àmọ́ ọba foríjì í.

Ní 1785, wọ́n tún fẹ́ kó ẹlẹ́wọ̀n lọ sí erékùṣù kan lórí odò Gambia. Edmund Burke àti àwọn mìíràn nílé aṣòfin kọ̀ jálẹ̀, torí ikú ni wọ́n ń rán wọn lọ bá. Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí sí Australia nìyẹn. Ọkọ̀ 11 gbéra ní oṣù Karùn-ún 1787. Wọ́n gúnlẹ̀ ní oṣù Kìíní 1788. Kó tó dópin ní 1868, wọ́n ti kó nǹkan bíi 162,000 èèyàn lọ síbẹ̀.

Kí ló kan Èkó níbẹ̀?

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò jáwọ́ nínú kí wọ́n máa fi ọ̀nà jíjìn jẹ èèyàn níyà. Ní 1925, wọ́n lé Ọba Èṣùgbàyí Elékò kúrò l'Ékòó lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ gbé ẹjọ́ náà dé Privy Council ní London. Ní 1931, ìgbìmọ̀ náà sọ pé ìjọba ò lè gba òmìnira ẹnikẹ́ni àfi tó bá lè fi hàn nílé ẹjọ́ pé òfin tì í lẹ́yìn. Lọ́dún yẹn náà ni Kábíyèsí padà wálé.

Ẹ wò ó báyìí: olè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fojú kan adájọ́ kí wọ́n tó lé e nílùú. Ọba Èkó ò rí adájọ́ kankan kí wọ́n tó gbé e lọ.