Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Oníbodè? Báńkì Àpapọ̀ àti Ọ̀nà Owó Káàdì ní Nàìjíríà, 1993 sí 2025

Nígbà tí oníbàárà báńkì kan bá gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM báńkì mìíràn, ẹnìkẹta kan wà láàárín tí kò fojú rí: ilé-iṣẹ́ tó so báńkì méjèèjì pọ̀, tó ń gbé ìbéèrè lọ, tó sì ń gbé èsì bọ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàgbéyẹ̀wò bí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe di alábòójútó ọ̀nà náà. Èrò wa ni pé ìtàn yìí ju ìtàn ẹ̀rọ lọ. Ìtàn ẹni tó ń gba owó bodè, ẹni tó ń dá iye rẹ̀, àti ẹni tó ń san án ni.

Ọ̀rọ̀ bodè kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, oníbodè ní í máa gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń gbé ẹrù wọ ìlú. Ní Ìbàdàn, abẹ́ àwọn olóyè ni bodè wà. Oníbodè ń jíhìn fún olóyè rẹ̀, olóyè sì ń jẹ nínú owó náà. Ẹni tó ń díwọ̀n owó bodè náà ló ń jèrè rẹ̀. Ìṣòro yìí gan-an ni a tún bá pàdé nínú ìtàn káàdì.

A lè pín ìtàn náà sí ìpele mẹ́ta. Ní ìpele kìíní, ọ̀nà ṣáájú òfin. Ní 1993 ni wọ́n dá NIBSS sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn báńkì yòókù jọ ni, láti máa yanjú ìṣirò owó láàárín báńkì àti báńkì. Ṣùgbọ́n Interswitch, ilé-iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ló mú kí síso ẹ̀rọ ATM àwọn báńkì pọ̀ gbilẹ̀. Ní 2009, ó gbé káàdì tirẹ̀, Verve, jáde láti bá Visa àti Mastercard du ọjà.

Ní ìpele kejì, òfin bá ọ̀nà. Abala 47 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 fún un lágbára láti gbé ètò ìsanwó orí ẹ̀rọ lárugẹ, kí ó sì ṣe ìlànà fún un. Ní oṣù kìíní 2012, ó bẹ̀rẹ̀ ètò ìdínkù owó bébà ní Èkó. Ní 2013, ètò náà dé Ògùn àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọwọ́ kan ń ti àwọn ènìyàn sójú ọ̀nà, ọwọ́ kejì ń díwọ̀n owó bodè. Ní oṣù kejìlá 2012, wọ́n fòpin sí ₦100 tí oníbàárà ń san lẹ́nu ATM báńkì mìíràn. Àwọn báńkì ló gbé ẹrù náà. Kò pé ọdún méjì tí ẹrù náà fi padà sórí oníbàárà: láti oṣù kẹsàn-án 2014, ẹni tó bá gba owó nígbà kẹrin láàárín oṣù kan yóò san ₦65. Ní 2020, ó di ₦35. Láti oṣù kẹta 2025, àǹfààní ọ̀fẹ́ ìgbà mẹ́ta náà dópin, owó náà sì di ₦100 lórí ₦20,000. Ìyípadà yìí fi hàn pé a lè pa orúkọ owó bodè rẹ́ láìpa owó náà fúnra rẹ̀ rẹ́.

Ìpele kẹta ló ta kókó jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní 2023, Báńkì Àpapọ̀ àti NIBSS ṣe ìfilọ́lẹ̀ AfriGO, káàdì ti orílẹ̀-èdè. Ní àkókò kan náà ni ọ̀wọ́n owó bébà gbòde nítorí ìpààrọ̀ náírà. Ẹni tó lówó nínú àkáǹtì kò rówó ra oúnjẹ. Àwọn oní-POS ń gba owó gọbọi kí wọ́n tó fúnni ní owó. Bodè ti kúrò níbi tí ìwé ìlànà fi sí, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ títì. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí náírà àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí ìparí ọdún náà.

Báyìí, Báńkì Àpapọ̀ ni aṣòfin ọ̀nà, ó ní ìpín nínú NIBSS, ó sì ń gbé káàdì tó ń bá àwọn tó ń bójú tó díje lárugẹ. Àwọn tó fara mọ́ ọn lè tọ́ka sí RuPay ti ilẹ̀ Íńdíà ní 2012, kí wọ́n sì sọ pé bí a bá fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àjèjì, àjèjì ni yóò máa dá iye owó lé wa lórí. Òótọ́ wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A kò sọ pé Báńkì Àpapọ̀ ti ṣègbè. Ohun tí a ń sọ ni pé adájọ́ tó tún jẹ́ olùdíje nílò ẹni tí yóò máa bi í léèrè.

Fún àwa onímọ̀ ìtàn, iṣẹ́ kù. Ìwé ìlànà ń sọ ohun tí wọ́n pa láṣẹ; kò sọ bí alájàpá àti oní-POS ṣe rù ú. Ẹ̀rí ẹnu wọn ni ó yẹ kí a máa gbà sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ó má baà di àwátì.