Ìwé Ìbí àti Ìwé Ikú ní Ilẹ̀ Wa

Àwọn baba wa kò kọ ọjọ́ ìbí sínú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Orúkọ ọmọ fúnra rẹ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀: Abíọ́nà ni ọmọ tí a bí sí ojú ọ̀nà, Abíọ́dún ni èyí tí a bí ní àkókò ọdún, Babátúndé sì ń fi yé gbogbo ènìyàn pé bàbá àgbà kan ti papò dà kí ọmọ yìí tó dé. Bí a bá bi arúgbó ayé ìgbà náà ní ọjọ́ orí rẹ̀, a máa wí pé a bí òun nígbà tí ogun Kírìjì ń jà lọ́wọ́. Ìdáhùn yìí tó fún agbo ilé. Kò tó fún adájọ́, nítorí pé ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì parí tán títí di 1893. Ọmọbìnrin tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ìbá ti tó ẹni tí ń lọ sí ilé ọkọ nígbà tí ó parí.

Ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn oníwàásù dé ní 1846, ìwé ìrìbọmi ti wà ṣáájú ìwé ìjọba. Ní ọjọ́ 5 oṣù Fẹ́búárì 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún Àfàlà, ìyá Àlùfáà Crowther, tí a sì sọ ọ́ ní Hánà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìrìbọmi kì í ṣe ọjọ́ ìbí, ìyá àgbà yìí fúnra rẹ̀ sì ni ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí orúkọ Mùsùlùmí tàbí ti abọ̀rìṣà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861; ní 1863 ni wọ́n ṣe òfin pé kí a máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ níbẹ̀. Òfin 1917 tí ó tẹ̀lé e so ìbí, ikú àti ìsìnkú pọ̀ mọ́ ara wọn, a sì rò pé ìdí wà fún èyí. Inú ilé ni àwọn baba wa ń sin àgbà sí, lọ́pọ̀ ìgbà nínú yàrá tirẹ̀ gan-an. Òkú tí a sin sínú yàrá kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ sọ fún akọ̀wé. Ní ti ìbí, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ; ẹni tí ó bá sì ń béèrè iye ọmọ inú ilé, owó orí ni a rò pé ó ń bọ̀ wá gbà. A kò lè dá àwọn àgbà lẹ́bi púpọ̀ fún ìfura yìí.

Nígbà tí orílẹ̀-èdè dá dúró, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ọwọ́ ẹni méjì. Òfin 1979 sọ ìforúkọsílẹ̀ di dandan ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Òfin 1992 sì gbé iṣẹ́ náà fún Àjọ Ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀, ó sì ṣe é ní ọ̀fẹ́ bí ọmọ kò bá tíì ju 60 ọjọ́ lọ. Síbẹ̀, ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti 1999 ka kíkọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì tún fi ìkànìyàn pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Nípa báyìí, òbí kan a gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, a tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, ọmọ a sì dàgbà tán kí a tó sọ fún un pé ti Àjọ ni a ń béèrè.

Ti ikú ló burú jù. Ìwé ìbí, ilé ẹ̀kọ́ yóò béèrè rẹ̀. Ìwé ikú kò ní ẹni tí ń béèrè rẹ̀ àfi bí olóògbé bá ní owó ní báńkì, tàbí bí opó rẹ̀ bá ń lépa owó tí ó tọ́ sí i níbi iṣẹ́ ọkọ. Nígbà náà ni ẹbí yóò tó sáré wá ìwé ìsìnkú ti ṣọ́ọ̀ṣì. A ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, àti ti ìrìbọmi, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìsìn, tí ikán ti jẹ dé ìdajì. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìdajì tí ó run ni wọ́n ń lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù.