Ta Ló Ní Kí A Má Sọ Pé "You Was"?

Ìbéèrè kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í yé béèrè, láti Èkó dé Accra: bí "you" bá ń tọ́ka sí ẹnì kan ṣoṣo, kí ló dé tí a fi ń sọ pé "you were", bí ẹni pé èèyàn pọ̀? Olùkọ́ a ní òfin gírámà ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin náà ní ìtàn.

Láyé àtijọ́, "thou" ni Gẹ̀ẹ́sì fún ìwọ, "you" sì ni ẹ̀yin. Bíi tiwa, wọ́n tún máa ń fi "you" bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Nígbà tó yá, "thou" fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, "you" sì di ti tọmọdé tàgbà. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wá ń kọ "you was" fún ẹnì kan, "you were" fún èèyàn púpọ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń bá wọn ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀.

Robert Lowth, àlùfáà tó padà di bíṣọ́ọ̀bù London, kò gbà. Nínú ìwé gírámà tó tẹ̀ jáde ní 1762, ó ka "you was" sí àṣìṣe ńlá. Kò dá Shakespeare pàápàá sí. Ní 1795, Lindley Murray, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà tó ń gbé nítòsí York, kó irú òfin bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé tó ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan. Ìwé náà tàn kálẹ̀. Báyìí ni ohun tí àwọn tó mọ̀wé ń kọ ṣe di èdè aláìmọ̀wé.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ ló bá Gẹ̀ẹ́sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pa ìrísí dà nítorí olùṣe: mo lọ, o lọ, wọ́n lọ. Ọmọ tó bá sọ pé "he go" kì í ṣe òmùgọ̀. Ìlànà èdè ìyá rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Síbẹ̀, ẹ̀sín là ń fi í ṣe. Ní 1952, ọdún tí wọ́n dá WAEC sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Faber ní London gbé The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola jáde. Wọ́n ń yìn ín lókè òkun. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé ń tijú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Mi ò ní kí ọmọ kọ "you was" nínú ìdánwò o; yóò pàdánù máàkì. Ẹ jẹ́ kó mọ òfin náà dunjú. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ṣe é, kò já bọ́ láti ọ̀run. Ẹni tó ṣi "was" lò ṣi ọ̀rọ̀ kan lò ni. Orí rẹ̀ pé.