Adé, Fìlà àti Orí Awo: Ìtàn Ohun Tí À Ń Dé Sórí ní Èkìtì

  

Ní ọdún kẹta lẹ́yìn tí a tẹ̀ mí nífá, mo ní kí wọ́n bá mi ṣe fìlà kan fún ọdún. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é láti òkè délẹ̀. Ó rí ṣóńṣó lókè, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sì já wálẹ̀ ní iwájú rẹ̀ títí ó fi bo ojú mi. Mo rò pé ẹwà ni mo dé sórí. Olúwo mi wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Awo, ojú ta ni o fẹ́ bò?” N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sínú ẹsẹ Ifá àti sínú ìwé, ohun tí mo sì bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Nílẹ̀ wa, kì í ṣe nítorí oòrùn nìkan ni ènìyàn fi ń bo orí. Ohun tí ó wà lórí ẹni a máa sọ ẹni tí a jẹ́ kí a tó la ẹnu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀: bọ́ọ̀lù fàdákà mẹ́fà ni ó wà lára adé kékeré tí baron wọn ń dé, ti viscount jẹ́ mẹ́rìndínlógún, duke sì ní ewé mẹ́jọ ní tirẹ̀. (Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ti mẹ́rìndínlógún náà, ẹ̀rín pa mí, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ti bá wọn dífá sí i.) Tiwa kì í ṣe kíka bọ́ọ̀lù. Ìbòjú, ẹyẹ, àti bí adé ṣe ga sókè ni à ń wò.

Ìtàn adé tí ó kan awo jù lọ wà nínú Ìwòrì Méjì. Ọmọ mẹ́jọ ni Ọ̀rúnmìlà bí, gbogbo wọn sì jọba. Alárá wà lára wọn, Ajerò wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni Aràmọ̀kọ̀ àti Ìjerò kò jìnnà sí ibi tí a dúró sí yìí. Ní ọjọ́ tí bàbá wọn ń ṣọdún, wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti kí i, wọ́n ń wí pé àbọrú, àbọyè. Nígbà tí ó kan Ọlọ́wọ̀, ó dúró ṣánṣán, kò sọ nǹkan kan. Bàbá ní kí ó kí òun, ó kọ̀. Ó ní aṣọ tí bàbá wọ̀, òun náà wọ̀ ọ́. Ọ̀pá tí ó wà lọ́wọ́ bàbá wà lọ́wọ́ òun. Bàbá dé adé, òun náà dé adé, orí tí ó dé adé kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀ fún orí mìíràn. Ọ̀rúnmìlà bínú, ó gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba ọ̀run lọ. Ayé dàrú. Aboyún kò bí mọ́, àgàn ń wojú, òjò kò rọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ bá a ní ìdí ọ̀pẹ tí orí rẹ̀ yà sí mẹ́rìndínlógún, ó kọ̀ láti padà wálé. Ikin mẹ́rìndínlógún ni ó kó lé wọn lọ́wọ́, ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá ń fẹ́, kí wọ́n máa bi àwọn wọ̀nyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka ìtàn yìí bí ìkìlọ̀ fún ọmọ aláìgbọràn. Ní tèmi, mo kà á bí ìtàn adé. Òfin tí Ọlọ́wọ̀ tọ́ka sí kì í ṣe irọ́. Adé kì í tẹrí ba fún adé. Ibi tí ó ti ṣìnà ni pé ó gbé òfin ààfin wọ inú yàrá bàbá rẹ̀. Nítorí adé kan tí kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró ni ikin fi wà lọ́wọ́ wa lónìí.

Adé ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún, adé sì wà lórí òmíràn nínú wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a ń rí lára adé òde òní jẹ́ ti àwọn oníṣòwò láti òkè òkun, ó sì pọ̀ sí i ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní Èkìtì, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ilé àwọn tí ń ṣe adé. Iṣẹ́ wọn dé ààfin púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n á kọ́kọ́ hun egungun adé bí ẹni hun agbọ̀n, wọ́n á na aṣọ tí a ti rẹ sínú ògì lé e, wọ́n á fi aṣọ rírẹ mọ ojú ènìyàn sí ara rẹ̀, kí wọ́n tó wá sín ìlẹ̀kẹ̀, kí wọ́n sì rán an mọ́ ọn ní ìlà-ìlà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá parí rẹ̀, fìlà lásán ni. Oògùn tí awo bá fi sí ṣóńṣó rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di adé, ìdí sì nìyẹn tí ọba kò fi gbọdọ̀ wo inú rẹ̀. Láti ẹ̀yìn ni olorì ti ń gbé e lé e lórí.

Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè ka òpó tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, láàárín ọdún 1910 sí 1914, tí ó wà ní Chicago báyìí. Ọba jókòó, adé ṣóńṣó wà lórí rẹ̀, ẹyẹ wà lórí adé. Obìnrin tí ó dúró gàgàrà lẹ́yìn rẹ̀ ga jù ú lọ. Àlejò a máa rò pé ìyàwó ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni ó ń gbé adé lé ọba lórí. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tún gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin yẹn kan náà: Ògògà jókòó pẹ̀lú adé, wọ́n sì gbé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wá sínú àga tí a fi ń gbé ènìyàn, ó ká kò síbẹ̀ bí ẹrù. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní ọdún 1924. Nígbà tí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Lọndọn fẹ́ ẹ, Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ni ó gbà dípò rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yìn ín tàbí kí n bá a wí.

Ẹ̀kún àríwá Èkìtì ní tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Nígbà tí ogun Kírìjì parí ní ọdún 1886, lára àwọn ọba tí orúkọ wọn wà lórí ìwé àdéhùn ni Ọwá Iléṣà, Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn, Ajerò, Olójùdó ti Ìdó, àti Ẹlẹ́kọ̀lé ti Ìkọ̀lé. Adé wọn ni ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ sí ìwé. Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ dorí kodò. Akàrìgbò ilẹ̀ Rẹ́mọ fẹ̀sùn kan Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ pé ó ń dé adé tí kò tọ́ sí i. Gómìnà MacGregor ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìn-ín-ní, Ọọ̀ni sì lọ sí Èkó ní ọdún 1903, ó ní Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí adé. Ìjọba tẹ orúkọ àwọn tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń fún adé ní ẹ̀tọ́. Títí dòní, ìlú tí ó bá ń jà fún adé, agbẹjọ́rò ni ó ń kọ́kọ́ wá kí ó tó wá awo.

Kò túmọ̀ sí pé àwọn ọba wa kò fẹ́ràn oge. Nínú ilé, oríkògbófo ni wọ́n ń dé, adé kékeré tí kò ní ìbòjú. Àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan tilẹ̀ ṣe é bí irun funfun tí adájọ́ òyìnbó ń dé. Àwọn ará ìlú ní gọ̀bì, wọ́n ní ìkòrì, wọ́n ní abetí-ajá tí à ń tẹ etí rẹ̀ bó bá ṣe wù wá. Kò sí ẹni tí ó ń bi oge léèrè ìdílé rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ìbòjú ti di ohun ìnáwó. Ọkọ ìyàwó ń dé e, alága ìdúró ń dé e, ẹni tí ó ń ṣe ọjọ́ ìbí ogójì ọdún ń dé e kí ó lè ya fọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó ń bọ́ àwọn tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ báyìí, kò sì purọ́. Àmọ́ wọ́n lè sín oríkògbófo, wọ́n lè sín fìlà ẹlẹ́wà ọgọ́rùn-ún, owó náà yóò ṣì wọlé. Bí gbogbo ojú bá wà lẹ́yìn ìbòjú, báwo ni ọmọ kékeré yóò ṣe mọ ojú tí a ń bò nítorí pé kì í ṣe ti ènìyàn kan ṣoṣo mọ́?

Awo kò nílò adé. Ẹyẹ tí ó wà lórí adé ọba wà lórí ọ̀pá ọ̀sùn tiwa pẹ̀lú. Lọ́wọ́ ni a ń mú un, kì í ṣe lórí. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ibi tí a ti ń bọ Ifá, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣí fìlà. Bí ọba bá jáde, ẹ wo iwájú adé kí ẹ wo ẹyẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbìyànjú láti ya inú rẹ̀.

Fìlà mi ṣì wà. Mo gé ìbòjú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, níwájú Olúwo mi. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti èyí tí ó pọ́n bí epo ni mo ṣà jọ, mo sì tún wọn sín. Àwọn ni ìdè tí ẹ óò rí ní ọrùn ọwọ́ òsì mi ní ọjọ́ ọdún.