Ìwé Ìtọ́nà Alájọkọ: Ìtàn Àṣà Àtúnṣe Láàrin Àwọn Onímọ̀ Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí bá ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí mu. A fẹ́ sọ ìtàn bí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe dá àṣà kan sílẹ̀, èyí tí ó gba òǹkàwé ìwé ìtọ́nà láàyè láti tún ìwé náà ṣe. A ó wo ipa àṣà yìí lórí iṣẹ́ gbígbé ètò íntánẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà àyálò, a ó sì wádìí ohun tí kì í jẹ́ kí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ tì.

Ìbẹ̀rẹ̀ Àṣà Náà

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1969, Steve Crocker, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Los Angeles, kọ ìwé kúkúrú kan lórí bí àwọn kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ARPANET. Kò pe ìwé náà ní òfin. Ó pè é ní ìwé tí ń bèèrè èrò àwọn ẹlòmíràn, tí a gé kúrú sí RFC. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń pàṣẹ fún àwọn àgbà. Ìrẹ̀lẹ̀ yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Nígbà tí Linus Torvalds gbé Linux jáde ní 1991, kò pẹ́ tí Matt Welsh, Lars Wirzenius àti àwọn mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ìtọ́nà rẹ̀ jọ láàrin àwọn tí ń lò ó. Ní 1995, Ward Cunningham gbé WikiWikiWeb kalẹ̀, ojú ìwé tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ lè tún kọ. Láti inú èdè Hawaii ni ó ti yá ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ‘kíákíá’. Onímọ̀ èdè yóò ṣàkíyèsí pé àpètúnpè ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Lórí ìlànà yìí ni a gbé Wikipedia kalẹ̀ ní 2001, èyí tí ó ní ẹ̀dà èdè Yorùbá lónìí.

Kọ̀ǹpútà Àyálò àti Ewu Ìtọ́nà Àtijọ́

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ Amazon bẹ̀rẹ̀ ètò EC2, tí ó fi ń yá ènìyàn ní kọ̀ǹpútà lò ní wákàtí sí wákàtí. Àwọsánmà ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan lójú ọ̀run. Ilé ńláńlá tí kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí ó gba owó àti òṣìṣẹ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè dá ṣe, bí ó bá sáà ti rí ìwé tí yóò tọ́ ọ sọ́nà.

Ibi tí ewu wà nìyí. Ohun tí ó tọ̀nà lánàá lè di àṣìṣe lónìí. Àpẹẹrẹ kan ni Django, irinṣẹ́ ìkọ́lé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó jáde fún gbogbo ènìyàn ní 2005. Mod_python wà lára ọ̀nà tí ìwé ìtọ́nà rẹ̀ kọ́kọ́ là sílẹ̀ fún gbígbé ètò jáde. Nígbà tí ó di 2011, àwọn tó ń ṣe Django kéde pé ọ̀nà náà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 2013, wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ẹni tí ó bá di ìtọ́nà àtijọ́ mú yóò ṣìnà. Bákan náà, ẹni tí ìwé kò bá kìlọ̀ fún pé kí ó pa DEBUG kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún aráyé lè tú àṣírí ètò rẹ̀ síta.

Ilẹ̀kùn Tí A Tì

Ní 2018, Amazon kó ìwé ìtọ́nà rẹ̀ sórí GitHub, kí òǹkàwé lè dábàá àtúnṣe. Ní 2023, ó kéde pé òun yóò kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kúrò níbẹ̀. Ìdí tí ó sọ ni pé ẹ̀dà méjì ni ó wà, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta, àti pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú méjèèjì bára mu. A kò lè fọwọ́ rọ́ ìdí yìí sẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹni tí ó fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó tún gbólóhùn kọ tí àwọn mìíràn sì rí i, tí wọ́n sì lè jiyàn lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ti Django wé e. Inú àpótí kan náà ni ìwé ìtọ́nà rẹ̀ àti ètò fúnra rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá yí ètò padà ni a ń retí pé kí ó yí ìwé padà. Àtúnṣe òǹkàwé pẹ̀lú ń gba ojú àwọn alábòójútó kọjá kí ó tó wọlé. Kò sí ẹ̀dà kejì tí yóò dẹrù pa ẹnikẹ́ni.

Ìkádìí

Ó hàn nínú ìtàn yìí pé inú rere nìkan kò tó láti mú kí ìwé alájọkọ wà pẹ́. Ibi tí a tọ́jú rẹ̀ sí àti ẹni tí ń bójú tó o ṣe pàtàkì. Ẹ̀kọ́ yìí kan àwa olùkọ́ èdè náà. Iṣẹ́ àjọṣe ni Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tuntun kò dẹ́kun láti máa wọlé. Bí a bá fẹ́ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa bá ìgbà mu, kí á wá àyè kan ṣoṣo tí a ó fi í sí, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dábàá, kí àgbà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.