Ọkọ̀ Tí Kò Tètè Síná, Láàárín Mẹkáníìkì àti Rewáyà

Bí ọkọ̀ bá ń kùn ṣáá láàárọ̀ kó tó síná, ohun tí àwọn onímọ́tò sábà máa ń sọ ni pé àwọn mẹkáníìkì òde òní kò mọṣẹ́ mọ́. Wọ́n á ní kéèyàn ra pọ́lọ́ọ̀gì, wọ́n á ní kó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, owó á lọ, àìsàn ọkọ̀ kò ní lọ. Èmi kò gbà pé àìmọṣẹ́ ló fà á. Bí a bá yẹ ìtàn iṣẹ́ náà wò, ààlà ló fà á: ààlà tí wọ́n pa láàárín mẹkáníìkì àti rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣì jẹ́ oríṣi mìíràn.

Níbẹ̀rẹ̀, kò sí ààlà kankan. Irin kan ni wọ́n ń kì bọ iwájú ọkọ̀, tí wọ́n ń fi agbára apá yí ẹ́ńjìnì títí yóò fi gbà. Bí iná bá ṣáájú àsìkò, irin náà á ta padà, ó sì lè dá ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Ọdún 1912 ni Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ tó ń fi bátìrì síná jáde, Charles Kettering ló ṣe é. Ford Model T, ọkọ̀ tó pọ̀ jù lọ láyé ìgbà náà, ṣì ń lo irin yíyí títí di 1919 kí sítátà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Ní Èkó, W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó kọ́kọ́ ń ta mọ́tò, tó sì ń tún un ṣe. Waya inú ọkọ̀ ìgbà náà kò tíì pọ̀ tó ohun tí èèyàn yóò yà sọ́tọ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní 1975, Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí, 504 ti Peugeot àti Ìjàpá ti Volkswagen sì gba ojú títì. Nínú púpọ̀ wọn, kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, kọ́ńtáàkì kékeré kan ló sì ń já iná sí pọ́lọ́ọ̀gì. Àyẹ̀wò wọn kò fara sin. Mẹkáníìkì á fi sáńpépà nu ẹnu kọ́ńtáàkì tó ti jó dúdú. Á yọ pọ́lọ́ọ̀gì kan, á fi í kan irin ẹ́ńjìnì, á ní kí ọmọṣẹ́ yí kọ́kọ́rọ́: bí iná tó ta bá mọ́lẹ̀ kedere, ó dára, bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Á da epo díẹ̀ sí ọ̀fun kábúrétọ̀. Bí ọkọ̀ bá gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a jẹ́ pé epo ni kì í tètè dé. Ẹni tó bá pe èyí ní àbá lásán kò wò ó dáadáa. Ọ̀nà ìwádìí ni, ohun kan ni wọ́n ń yọ kúrò lẹ́ẹ̀kan. Rewáyà ní tirẹ̀ ń gba bátìrì, sítátà àti búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀. Bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnì dáadáa tí kò gbà, mẹkáníìkì ló ni ín. Bó bá ń fi ìrora yí i, rewáyà ló ni ín. Ìpín náà bá ọkọ̀ náà mu.

Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, tòkunbọ̀ sì ń gba Kútọnu wọlé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, kábúrétọ̀ kò sí nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn mọ́. Pọ́ǹpù epo wà nínú táǹkì, iná ló ń yí i, kọ̀ǹpútà ló sì ń sọ iye epo tí ìnjẹ́kítọ̀ yóò fọ́n. Níbi yìí ni ààlà àtijọ́ ti fọ́. Bí sẹ́ńsọ̀ tó ń wo ooru omi ẹ́ńjìnì bá purọ́ fún kọ̀ǹpútà láàárọ̀ pé ẹ́ńjìnì ti gbóná, epo kò ní tó. Àìsàn epo ni àbí ti iná? Mẹkáníìkì á ní rewáyà ló ni ín, rewáyà á ní pọ́ǹpù ni, onímọ́tò á wá di ẹni tí wọ́n ń tì síwá tì sẹ́yìn.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti parí ìjà náà. Kò parí i. Nítorí èéfín tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ ni Amẹ́ríkà fi sọ OBD-II, ètò tí ẹ̀rọ náà ń kà, di dandan fún ọkọ̀ 1996 síwájú, kì í ṣe nítorí sítátà. Waya áàtì tó ti dípẹtà kì í sábà kọ kóòdù kankan sínú kọ̀ǹpútà. Mítà ló ń tú u fó: fi ẹnu kan sí orí òdì bátìrì, fi èkejì sí irin ẹ́ńjìnì, kí ẹnì kan sì síná; bí ohun tí mítà kà bá kọjá ìlàjì fólítì, áàtì kò dára. Bákan náà, bí epo bá ń sàn padà sí táǹkì lóru, ẹ̀rọ náà lè má rí nǹkan kan. Yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, pa á, ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i, kí o tó síná. Bó bá gbà kíá, epo ni kì í dúró nínú páìpù. Epo tí bàbá mẹkáníìkì ń dà sí ọ̀fun kábúrétọ̀ náà ni, kọ́kọ́rọ́ ló rọ́pò ike epo.

Àtakò kejì wúwo jù: pípín iṣẹ́ ló jẹ́ kí rewáyà mọ sítátà dé ibi tó lè tún waya inú rẹ̀ wé, èyí tí ọ̀pọ̀ gáréèjì nílùú Òyìnbó kì í dán wò. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni pa ìmọ̀ náà tì. Ṣùgbọ́n ìjìnlẹ̀ kò ní kéèyàn má mọ ẹnu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń gba ọmọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹkáníìkì lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ rewáyà kó tó gba fúrídọ̀mù, kí ọmọ rewáyà náà sì mọ bí wọ́n ti ń wọn ipá epo. Mítà tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ kò wọ́n tó pọ́ǹpù epo kan ṣoṣo.